Tábìlì Kóòtù Gba Mẹ́ta, Ti Ilé-Ìwé Ń Gba Méjì

Ìbéèrè

Màmá Àkọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdílé Ifá ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ ọkọ sí. Ìdòwú mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà ní pírámárì fọ́ọ̀ ní ilé-ìwé ìjọba kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Wọ́n ní Bíbélì tàbí Kùránì ni kí ọmọ yàn, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Tirẹ̀ bọ́ sí Bíbélì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tíṣà rẹ̀ já ìdè Ifá tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní ẹrù òrìṣà kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì òun. Bàbá rẹ̀ ní kí n dákẹ́, kí wọ́n má baà fi máàkì fìyà jẹ ọmọ. Ṣé òfin kò mọ̀ wá ni? Ìjọba Ọ̀ṣun yìí kan náà ló ń fún wa ní ọlidé Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ!

Ìyá Ìbejì, Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo kí Ìdòwú.

Kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ti ṣe akọ̀wé ní Iléṣà kí n tó fẹ̀yìntì. Ohun mẹ́ta ló wà nínú àpótí abẹ́ tábìlì mi: Bíbélì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, Kùránì tí mo fi aṣọ funfun wé, àti irin kan, ẹnu ọkọ́ àtijọ́ tí mo máa ń fi epo pa kó má dípatà. Bí ẹlẹ́rìí bá jáde, n óo bi í pé, "Èwo ni tiyín?" Èyí tó bá tọ́ka sí ni n óo gbé fún un. Kò sí adájọ́ tó bi mí rí pé kí ni irin ń wá nínú ilé ẹjọ́. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí o, mo ṣì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n èmi náà ni mò ń nu irin Ògún.

Abala 10 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 ni tiyín gan-an. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fipá mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí kó bá wọn ṣe ìsìn, tí kì í bá ṣe ti ẹ̀sìn tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ẹ wo "òbí" yẹn dáadáa. Bí ẹ bá dákẹ́, tíṣà á ní ẹ fọwọ́ sí i ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: òfin yẹn kò ní kí wọ́n gba babaláwo síṣẹ́ tíṣà. Kí wọ́n má fipá múni ló sọ. Pé kí Ifá wọ tímútébù, ìlànà ìjọba nìyẹn, ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe ni ẹ óo lọ bá wọn sọ ọ́ l'Óṣogbo. Lójú tèmi, ó yẹ kó wọ̀ ọ́.

Ó ku ti ìdè. Ní 17 oṣù kẹfà 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ híjáàbù Èkó. Adájọ́ márùn-ún nínú méje gbà pé kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa lò ó ní ilé-ìwé ìjọba. Ti híjáàbù ni ẹjọ́ náà, kì í ṣe ti ìdè, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí ilẹ̀kùn tó gba aṣọ orí kò fi ní gba ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí lọ́yà kan wọ ilé ẹjọ́ yẹn láìwọ bàtà, pẹ̀lú ìyẹ́ lórí, ó ní Olókun lòun ń bọ. (Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó yá ni mo bi ara mi pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín.)

Faransé ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Láti 2004 ni òfin wọn ti ní kí ọmọ ilé-ìwé ìjọba má wọ ohun tó ń pariwo ẹ̀sìn, ì báà ṣe híjáàbù, fìlà Júù tàbí àgbélébùú ńlá. South Africa gba ọ̀nà mìíràn: ní 2007, ilé ẹjọ́ wọn ní ilé-ìwé kan ní Durban rẹ́ ọmọbìnrin Híńdù kan jẹ bí wọn kò ṣe jẹ́ kó fi ẹ̀ṣọ́ sí imú. Ti Faransé le, àmọ́ ó kan gbogbo wọn. Kí wọ́n gbé méjì sórí tábìlì, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta sábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni n kò lè fara mọ́.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé, kí bàbá Ìdòwú bá yín fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan, kí ẹ mú un lọ sílé. Ẹ má bá tíṣà jà, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn àgbà ilé yín lọ máa ṣépè níbẹ̀; ó lè rò pé ire lòun ń ṣe ọmọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan, ẹ gbé ẹ̀dà yín lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ òṣómàáló: ẹ lóṣòó síbẹ̀ títí wọn óo fi dá yín lóhùn.

Ẹ má sì gbàgbé ìdè tí wọ́n já. Ohun ìní ọmọ ni. Bó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rìndínlógún, kí wọ́n ka mẹ́rìndínlógún lé yín lọ́wọ́.