Ọ́ìlì ń jò lábẹ́ jíìpù mi, ṣé kí n da stop leak sí i?

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ wa, ẹ kú ìrìn o. Lẹ́tà mẹ́ta la mú lọ́tẹ̀ yìí, orí nǹkan kan náà sì ni gbogbo wọn dá lé, ìyẹn ọkọ̀ tó ń fi ọ́ìlì gbé ara ẹ̀ sókè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Lexus LX470 ọdún 2004 ni mò ń gùn, tókùnbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni. Ó ti tó oṣù kan báyìí tó jẹ́ pé tí mo bá páàkì ẹ̀ lálẹ́, kó tó di àárọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ á ti wálẹ̀, àfi kí n táná kí n dúró kó tó gbéra, iná OFF níbi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé e sókè náà sì ń ṣẹ́jú. Mo rí ọ́ìlì nílẹ̀ lápá táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Mẹkáníìkì mi nítòsí Tákíé ní ká má wulẹ̀ tú nǹkan kan, ká kàn ra ìgò stop leak kan, èyí tí wọ́n ń lò fún steering, ká dà á sínú ọ́ìlì ẹ̀, ó ní òun ṣe é fún Camry ẹnìkan ó sì dì pa. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dán an wò. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? (Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n yín. Mi ò ní mẹkáníìkì yín parọ́ o, steering Camry yẹn lè dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó mú un dì. Kẹ́míkà tó wà nínú stop leak irú yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó mú rọ́bà rọ̀ kó sì wú díẹ̀, bíi ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú. Ọ́ìsíìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú) tó ti gbó, tó ti le, tó ti sunkì, tó bá wú díẹ̀ á tún fẹnu mọ́ irin, ọ́ìlì á sì dáwọ́ jíjò dúró. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ò ju ìyẹn lọ. Páìpù irin tó ti dípẹtà ò ní rọ́bà kankan tó máa wú, hose tó ti là kò lè rán an, ọ́ìsíìlì tó ti gé kò sì lè mú un hù padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ jíìpù yín ti wá yàtọ̀ sí ti Camry rèé. Ohun tí Toyota, tó ni Lexus, fi sábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní AHC. Pọ́ǹpù kan ló ń ti ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torsion bar (irin gbọọrọ tó ń lọ́ bíi spring) níwájú àti spring lẹ́yìn ń bá ọ́ìlì gbé lára ẹrù, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní bọ́ọ̀lù irin kan tí ọ́ìlì wà nínú ẹ̀ lápá kan, afẹ́fẹ́ náítírójìn lápá kejì, rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló sì là wọ́n láàárín. Náítírójìn yẹn ló ń jẹ́ kí ara tù yín tẹ́ẹ bá kó sí kòtò ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ (ẹni bá gba ọ̀nà yẹn rí mọ ohun tí mò ń sọ). Gẹ́ẹ̀jì tí fọkanáísà fi ń wọn táyà, tó bá fún yín ní 32 tàbí 35 ẹ̀ ń lọ nìyẹn, ọ́ìlì inú páìpù AHC yìí, lórí ìwọ̀n kan náà, sún mọ́ 1000. Tí nǹkan tó lágbára tóyẹn bá ti rí ihò gbà jáde, ìgò kẹ́míkà kan ò lè dá a dúró.

Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kẹ́míkà yẹn ò mọ ọ́ìsíìlì tó ń jò yàtọ̀ sí èyí tí ò jò. Gbogbo ibi tí ọ́ìlì bá dé ló máa dé, títí kan rọ́bà tó wà nínú bọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó bá sì rọ̀ kọjá ààlà, ó lè ya. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó ń jò, ẹ wá ń wá owó bọ́ọ̀lù.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó náwó sí ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ́ìlì ń gbà lọ. Ẹ páàkì ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé e sókè sí N (kì í ṣe N ti gíà o), kẹ́ ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fi máàkà sàmì sí ibi tí ọ́ìlì dé lára ike ọ́ìlì AHC. Tó bá di àárọ̀ tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wálẹ̀, kẹ́ ẹ tó táná rárá, ẹ tún wò ó. Tí ọ́ìlì inú ike bá ti gòkè ju àmì yẹn lọ, á jẹ́ pé ọ́ìlì ẹsẹ̀ ló ń rọra padà sínú ike, fáàfù ni ò tì dáadáa mọ́ nìyẹn, kò síbi tó ń jò síta, stop leak ò sì lè rí nǹkan kan ṣe sí i torí irin lórí irin ni. Tí kò bá gòkè tàbí tó tún relẹ̀ sí i, síta ló ń lọ. Pẹ̀lú ọ́ìlì tẹ́ ẹ rí nílẹ̀ yẹn, síta lèmi náà fura sí, ṣùgbọ́n mo ti rí ọkọ̀ tí nǹkan méjèèjì jọ ń ṣe, ẹ ṣáà wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ abẹ́ ọkọ̀ lápá ibẹ̀ dáadáa kó gbẹ, kẹ́ ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ táná kó gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ lásán wá ibi tó ti ń jò o. Ọ́ìlì tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára báyẹn lè gba ihò tí ojú ò lè rí wọnú ẹran ara, á dà bíi pé abẹ́rẹ́ kàn gún yín lásán, kó tó dalẹ́ ọwọ́ ti ń wú, ó sì lè la iṣẹ́ abẹ lọ. Páálí ni kẹ́ ẹ nà síbẹ̀. Bákan náà, kẹ́nikẹ́ni má wọ abẹ́ jíìpù yẹn lórí jáàkì nìkan, kí wọ́n pa AHC ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e, kí wọ́n sì fi sítáǹdì gbé e dúró, torí ó lè dédé jókòó nígbàkigbà.

Ibi tó sábà máa ń jò nìwọ̀nyí: ọ́ìsíìlì ṣọ́ọ̀kì, hose, óríngì tó wà níbi tí bọ́ọ̀lù ti so mọ́ ara, àti páìpù irin tó gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Tokunbo láti Amẹ́ríkà ni ẹ ní, ẹ bi wọ́n bóyá ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni ọkọ̀ yẹn ti wá, torí iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn a sì máa jẹ páìpù láti ìta wá. Óríngì ò wọ́n, kí wọ́n ṣáà wá èyí tí ọ́ìlì yẹn ò ní í jẹ. Páìpù, àwọn tó ń ṣe hose ẹ̀rọ katapílà àti típà lè bá yín ṣe èyí tó lè gba agbára yẹn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gé ibi tó jẹ kúrò kóun fi rọ́bà àti kílíìpù dè é, ẹ kí i kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ lè rí tókùnbọ̀ ẹ̀ ní Gate n'Íbàdàn àbí Ládípọ̀ l'Ékòó, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò lójú yín.

Ohun kan ṣoṣo tó lè mú mi gbà kẹ́ ẹ da stop leak sí i ni tó bá jẹ́ pé ọ́ìsíìlì ṣọ́ọ̀kì ló kàn ń rin díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti pinnu pé láìpẹ́ ẹ máa yọ gbogbo AHC yẹn dànù kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì lásán sí i, báwọn kan ṣe ń ṣe. Ṣé ẹ rí i, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa pàdánù nígbà yẹn. Tó bá jẹ́ yíyọ lẹ fẹ́ yọ ọ́ ṣá, kí wọ́n pààrọ̀ spring ẹ̀yìn náà, torí èyí tó wà níbẹ̀ rọ̀, ọ́ìlì ló ń bá a gbé ẹrù, tí wọ́n bá fi í lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí ọkọ̀ ò ní í kúrò nílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Benz V-boot sitéṣọ̀n wágọ́ọ̀nù ni mo fi ń kó èlùbọ́ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Bódìjà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá kó ẹrù sí i, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń gbé ara ẹ̀ sókè fúnra ẹ̀. Báyìí ó ti le gbagidi, tó bá kó sí gálọ́ọ́pù a máa gbá mi nídìí. Nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì ò sí ńlé, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ da stop leak ti radiator sí i, a ò tíì wà á jìnnà. (Ìyá Alélùbọ́, Owódé, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má táná sí i mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù yẹn, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá táná ló ń fa nǹkan ọ̀hún wọlé sí i. Ti radiator, omi ló wà fún, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló ní èérún wẹ́wẹ́ tó ń lọ dí ihò. Inú fáàfù Benz yẹn, àwọn ihò tóó-tòò-tó wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ dí wọn, ibẹ̀ ló máa lọ há sí. Kí wọ́n fi síríńjì fa gbogbo ohun tó wà nínú ike ọ́ìlì ẹ̀ jáde, kí wọ́n yọ fílítà, kí wọ́n fi ọ́ìlì tuntun irú ẹ̀ gan-an ṣàn án títí á fi mọ́, ẹ tún fọwọ́ sí i kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó tiẹ̀ ń dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yẹn kì í ṣe jíjò. Ọkọ̀ tó le gbagidi lẹ́yìn, náítírójìn inú bọ́ọ̀lù méjì tó wà níbẹ̀ ló ti lọ tán. Bọ́ọ̀lù lẹ máa pààrọ̀, méjèèjì pọ̀. Owó fífọ ike yẹn, ọ̀gá mẹkáníìkì ni kó gbé e, lójú tèmi o.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní LAUTECH. Kí ló dé tí ọ́ìlì bíréékì ò ṣeé lò nínú suspension? Ṣebí ọ́ìlì ni gbogbo wọn. (T., Under-G)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ́ìlì bíréékì tá à ń rà fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, glycol ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ọ́ìlì epo. Rọ́bà tó bá glycol mu, ọ́ìlì epo á mú un wú yọ̀rọ̀, èyí tó bá ọ́ìlì epo mu náà, glycol á bà á jẹ́. Citroën, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ Faransé, jìyà ẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbé ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ DS jáde ní Paris ní ọdún 1955, òun ni ọkọ̀ tó sọ suspension ọlọ́ìlì àti náítírójìn di olókìkí, ẹni tó sì ṣiṣẹ́ ọpọlọ ẹ̀ ni Paul Magès. Ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń lò lọ́jọ́ọjọ́un jọ ti bíréékì, a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, irin á sì máa dípẹtà nínú. Nígbà tó ṣe, ní nǹkan bí 1966 sí 1967, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí ọ́ìlì epo aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní LHM, wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, wọ́n tiẹ̀ kun àwọn ẹ̀yà ẹ̀ ní àwọ̀ ewé kí mẹkáníìkì má ba à ṣì wọ́n mú. Ẹni tó bá da pupa sí ti aláwọ̀ ewé, tàbí tó yí i padà, gbogbo ọ́ìsíìlì ọkọ̀ ọ̀hún ló máa rà tuntun.

Ti LX470 tá a sọ níṣàájú, ọ́ìlì epo ni tiẹ̀ náà, Suspension Fluid AHC ló wà lára agolo ẹ̀, lítà 2.5 ni. Tí wọ́n bá fún ẹ ní ATF (ọ́ìlì gíà ọ̀tọ́mátíìkì) dípò ẹ̀, ní kí wọ́n gbà á padà.