Ẹ Bi Àǹtí: Ṣé Ká Dáwó Mọ Ògiri Sétí Ọ̀sà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ìlàjẹ ní Bàrígà ni mò ń gbé, létí ọ̀sà. Àwa ọ̀dọ́ kan máa ń ṣa ike àti láìlọ́ọ̀nù ní Sátidé, ṣùgbọ́n tójò bá ti rọ̀ báyìí, omi á tún wọlé bá wa. Mo gbọ́ pé àwọn ará erékùṣù kéékèèké kan ní ẹgbẹ́ tó ń bá òkun jà láìdúró de gọ́fúmẹ́ǹtì. Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Ọ̀rẹ́ mi ní ká dáwó ká mọ ògiri.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí owó ògiri yẹn ṣì wà nílẹ̀ ná.

Ẹ wo àwọn ará Carteret, erékùṣù bíńtín ní Papua New Guinea. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n fi to òkúta tí wọ́n tún ń gbin igi sétí omi, òkun ò gbọ́, iyọ̀ wọnú oko kókò tí wọ́n ń jẹ, ebi wá di wàhálà. Ní 2006 àwọn àgbà ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ Tulele Peisa sílẹ̀, Ursula Rakova, ọmọ bíbí ibẹ̀, ló ń darí ẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n sì wá lọ. Ìjọ Kátólíìkì fún wọn nílẹ̀ ní Tinputz, ní Bougainville, erékùṣù ńlá tó wà nítòsí wọn. Àwọn bàbá ló kọ́kọ́ lọ ní 2009, wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko oúnjẹ, wọ́n gbin kòkó tó máa mówó wọlé, kí ìyàwó àtọmọ tó bá wọn. Wọ́n tún lọ kí àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ kí ìjà má bàa dé, ẹni tó bá mọ ọmọ onílẹ̀ Èkó á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn!

Mi ò ní kẹ́ ẹ kó kúrò ní Bàrígà o, àwọn tí ojú wọn wà lára ilẹ̀ etí omi ti ń sọ ìyẹn fún yín tó. Ohun tí mò ń wí ni pé ibi tó ń dùn yín jù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Omi òjò tẹ́ ẹ sọ yẹn, ti gọ́tà wà ńbẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ọ̀sà nìkan, torí náà ẹnu gọ́tà ni kẹ́ ẹ ti máa ṣa láìlọ́ọ̀nù yẹn, kójò tó bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin nǹkan, ẹ̀gbà ni, igi etí omi tí òyìnbó ń pè ní mangrove. Gbòǹgbò ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ máa ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì, ọmọ ẹja sì ń sá síbẹ̀. Èso ẹ̀ gígùn yẹn náà lẹ máa kì bọ ẹrẹ̀. Àmọ́ ibi tí omi ti rọ̀ ló ti ń mú, níbi tí ìgbì bá ti le, á gbá gbogbo ẹ̀ lọ ni, ibi tí wọ́n bá sì ti ń kó yanrìn dà sọ́sà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ bi àwọn bàbá apẹja níbi tó máa ń hù sí tẹ́lẹ̀.

Ti owó, ètò Small Grants Programme ti GEF, àjọ àgbáyé tó ń fowó ran iṣẹ́ àyíká lọ́wọ́, ti wà láti 1992, ẹgbẹ́ àdúgbò bíi tiyín ló wà fún, ó sì dé Nàìjíríà, ọ́fíìsì UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, ni kẹ́ ẹ ti bèèrè. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́ o, kì í ṣe lórúkọ alága!