Dígí tó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé èèyàn lórí: ìmọ́lẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wá

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O fẹ́ ṣe dígí tí èèyàn á dúró síwájú rẹ̀, tí yóò rí ara rẹ̀ pẹ̀lú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lórí: kámẹ́rà á máa wo ojú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́yìn dígí á sì gbé ère náà yọ. O wá ń bèèrè bóyá gíláàsì ni kó o rà àbí acrylic, ìyẹn ike tó dà bíi gíláàsì. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, ojú mi sì rí màbo.

Nílé mi, gbogbo ẹ̀ ń lọ geerege. MediaPipe, ètò kọ̀ǹpútà Google tó ń wá ojú èèyàn nínú àwòrán kámẹ́rà, ni mo lò; àmì 468 ló ń fi sí ojú èèyàn, tí yóò máa tẹ̀ lé e bó ṣe ń yíjú. Ọjọ́ àfihàn pé, wọ́n ní ká gbé e síbi tí fèrèsé ńlá wà lẹ́yìn ẹni tó bá dúró. Màmá àgbà kan ló kọ́kọ́ dé, ó wé gèlè aṣọ òkè. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín, ère kankan ò yọ. Ó sún mọ́ dígí, ó tún gèlè ṣe, ó ní, "Àbí ojú tèmi ni ò dáa ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọmọkùnrin kan tó pupa fòò dúró síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kíá ni ère bọ́ sí i lórí.

Ọ̀gá tí wọ́n ní ó mọ kọ̀ǹpútà dé, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo kámẹ́rà. Ó ní káwọn obìnrin máa ṣí gèlè. Ṣé tìtorí ká lè gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé wọn lórí la ṣe máa ní kí wọ́n ṣí gèlè? Àwọn alámòójútó gbọ̀ngàn ní tí mo bá fẹ́ bo fèrèsé, kí n kọ lẹ́tà. Odidi ọjọ́ méjì ló bá a lọ.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹ̀bi olójú ni. Joy Buolamwini, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ń ṣe irú dígí yìí nígbà tó wà ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, kámẹ́rà ò rí i àfìgbà tó fi nǹkan funfun bojú. Lọ́dún 2018, òun àti Timnit Gebru, onímọ̀ kọ̀ǹpútà bíi tiẹ̀, yẹ àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ojú mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin wò: àṣìṣe lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú dé 34.7%, ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun ò kọjá 0.8%.

Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó wà lẹ́yìn ló ń jẹ́ kí ojú aláwọ̀ dúdú ṣókùnkùn sí kámẹ́rà. Ohun tó gbà mí ni iná méjì tí mo fi aṣọ funfun bò, ọ̀kan lápá ọ̀tún dígí, ọ̀kan lósì, wọ́n kọjú sí ẹni tó dúró. Mo ta ańkárá dúdú bo fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti pọ̀ lójú èèyàn, ère tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n ẹ̀yìn dígí á máa ṣá, nítorí náà fi kún ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ìyókù ò le.

Má tọ́jú àwòrán ojú ẹnikẹ́ni o, pàápàá tọmọdé. Òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo dátà aráàlú ti wà ní Nàìjíríà.

Gíláàsì ni kó o rà. Acrylic máa ń tẹ̀, ojú á wá rí wọ́gọwọ̀gọ. Kó o tó gbé e jáde, ní kí ìyá rẹ wé gèlè kó dúró síwájú ẹ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń wọlé láti ẹ̀yìn.