Èsì: Bíréèkì Mustang 1965 tó ń rọra wọlẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ ọkọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bí ẹ bá tẹ bíréèkì Mustang 1965 yín níbi iná tíráfíìkì, ńṣe ló ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ẹ kò rí ọ́ìlì bíréèkì nílẹ̀. Bíréèkì mástà, ìyẹn èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ sí táyà bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ni mo fura sí: rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ, ọ́ìlì sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Àmọ́ kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ tú dúrọ́ọ̀mù táyà, ìyẹn irin róbótó tó bo bíréèkì, kí ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì wà lára sìlíńdà kékeré inú wọn. Ọ́ìlì lè jò síbẹ̀ láì kan ilẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e jáde! Mástà ọdún yẹn kò pín: òun kan náà ló ń ti ọ́ìlì lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí páìpù kan bá já, kò sí bíréèkì mọ́ nìyẹn. Ọdún 1967 ni Ford tó fún Mustang ní oníméjì, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Irú ìyẹn ni kí ẹ fi sí i, bí kò tilẹ̀ bá ọkọ̀ náà ti ilé-iṣẹ́ wá. Ọkọ̀ yìí dùn-ún wà, mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ àwọn hóòsì rọ́bà pẹ̀lú, kí ẹ sì da ọ́ìlì àtijọ́ nù, torí ó máa ń fa omi mọ́ra. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ inú páìpù bíréèkì jáde; òun ló jìnnà sí mástà jù.