Èsì: Ṣé dinengdeng lè bá ẹnu wa mu?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ fẹ́ tọ́ dinengdeng wò, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àwọn ará Filipíìnì, àmọ́ òórùn bagoong inú ẹ̀ ń bà yín lẹ́rù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi irú se ọbẹ̀ láti kékeré! Ẹja kéékèèké tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ títí tó fi kan ni bagoong, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn Ilokano, ní àríwá erékùṣù Luzon, ló ni ọbẹ̀ náà. Wọn kì í fi epo sè é. Omi àti bagoong ni wọ́n ń gbé kaná, elégédé á kọ́kọ́ wọlé torí pé ó le, ìgbá àti ilá á tẹ̀lé e, ewé ló ń kẹ́yìn. Saluyot ni wọ́n ń pe ewé ọ̀hún. Ewédú wa gan-an ni! Àmọ́ wọn kì í fi ìjábẹ̀ já a, odidi ewé ni wọ́n ń dà sí i.

Nígbà tí aládùúgbò mi kan tó wá láti Ilocos, ilẹ̀ àwọn Ilokano, bu tèmi fún mi, ata ni mo kọ́kọ́ ń wá, n ò rí i. Omi ọbẹ̀ mọ́ gaara, ilá ń fà díẹ̀, ẹja yíyan kan dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀. Ìrẹsì funfun la fi jẹ ẹ́. Ẹnu mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, àmọ́ nígbà tó yá, mo gbé abọ́ sẹ́nu.

Tí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ má fi iyọ̀ sí i kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Àwọn kan tún ń fi èso ejìnrìn sí i. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ó korò.