Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Tó Fẹ́ Sin Ìlú: Ibo La Ti Ń Bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́dún kejì ni mí nílé ẹ̀kọ́ gíga kan l'Abẹ́òkúta. Àwa mẹ́jọ, Yorùbá, Ígbò, Ìdòmà àti Ẹ̀gùn, fẹ́ dá ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀ tí yóò máa ṣèrànwọ́ láàárín ìlú, irú sorority tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Àwọn òbí mi ní ó jọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

ÌDÁHÙN: Àwọn òbí yín ò jẹ̀bi. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà Gíríìkì ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń jórúkọ, ètò ìgbaniwọlé wọn sì sábà máa ń ní apá tí ará ìta kì í rí. Mu Sigma Upsilon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Rutgers lọ́dún 1981, ló ṣíwájú nínú àwọn tó jẹ́ ti onírúurú ẹ̀yà. Ẹ mú ìrẹ́pọ̀ ẹ̀yà àti iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ lára tiwọn, ẹ fi lẹ́tà Gíríìkì àti ohun ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ fún ẹgbẹ́ lórúkọ tó yé ìyá yín nílé. Ọ̀sán ni kí ẹ máa ṣèpàdé, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni lẹ́tà ìtọrọ-àyè, òfin ẹgbẹ́, orúkọ àti nọ́ńbà mátíríìkì àwọn aṣáájú, àti lẹ́tà olùkọ́ tó gbà láti jẹ́ alámòójútó. Olùkọ́ tó máa ń jókòó sí ọ́fíìsì ni kí ẹ wá. Ẹni ńlá tí kì í ráyè á jẹ́ kí fáìlì yín máa gbọn eruku. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín pé kò sí ìbúra, kò sí nínà, ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò á kọ lẹ́tà, á máa lọ ní tirẹ̀. Owó báńkì kò gbọ́dọ̀ jáde láìsí ìbuwọ́lùwé ẹni méjì.

Bí gbogbo yín bá jẹ́ ọlọ́dún kejì, ẹgbẹ́ náà á kú lọ́jọ́ tí ẹ bá di àgùnbánirọ̀. Ẹ wá ọlọ́dún kìn-ín-ní mẹ́rin mọ́ra, kí ọ̀kan nínú wọn ṣe igbákejì akàpò.

Ìpàdé gan-an ni ìrẹ́pọ̀ ẹ̀yà ti máa ń bàjẹ́. Ẹ ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, àwàdà á wọ̀ ọ́, ó di Yorùbá, ọmọ Ìdòmà á wá máa tẹ fóònù rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní wá mọ́. Aṣọ ẹgbẹ́ olówó gọbọi náà ń lé ọmọ tálákà. Ìborùn àdìrẹ kan láti Ìtòkú ti tó. Ẹ̀gbá ti rí èyí rí. Abeokuta Ladies' Club ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni. Ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, tí wọ́n di Abeokuta Women's Union lọ́dún 1946, ni wọ́n tó lágbára tí wọ́n fi ja ìjà owó orí.

Ní ti iṣẹ́, ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sáà kan ṣe. Bí àpẹẹrẹ, ẹ lè kọ́ àwọn ìyá ní ọjà Kútọ̀ bí wọ́n ṣe ń dá alẹ́ẹ̀tì ayédèrú mọ̀, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ èké tó ní owó ti wọ báńkì. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí Ìyálọ́jà, kí ẹ bi í léèrè wákàtí tí ọjà máa ń dákẹ́. Ẹni méjì sí ìsọ̀ kan, kí ọ̀kan gbọ́ Yorùbá dáadáa, ìṣẹ́jú 15 péré. Kí ìyá kọ iye tó wà ní báńkì rẹ̀ sínú ìwé; bí oníbàárà bá ní òun ti sanwó, kó tẹ kóòdù báńkì rẹ̀, kó wo iye tó wà níbẹ̀. Bí kò bá lé, ọjà kò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, ohun yòówù kí àtẹ̀jíṣẹ́ sọ. Tó bá ń tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ẹ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má gbé ẹ̀bùn dání, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá wá lọ́wọ́ òfo, wọn ò ní dá yín lóhùn. Ẹ má ya fọ́tò wọn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ padà sí ìsọ̀ kan náà, kí ìyá fúnra rẹ̀ ṣe é lójú yín, kí ẹ má fọwọ́ kan fóònù náà.