Mọ́tò háídrójìn àti mọ́tò bátìrì, èwo ló mọ́ jù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Takisí ni mò ń wà ní London, mo fẹ́ pààrọ̀ mọ́tò mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má ra ti bátìrì, pé ti háídrójìn ló mọ́ jù torí omi lásán ló ń kán nídìí ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, omi ló ń kán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti rí háídrójìn yẹn ló yẹ kó o wò. Èyí tó pọ̀ jù láyé báyìí, gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á po gáàsì mọ́ oru omi tó gbóná janjan, háídrójìn á yọ, kábọ́ọ̀nù dàíọ́kísáìdì, èéfín tó ń mú ayé gbóná, náà á yọ. Kílò kan háídrójìn máa ń tú tó kílò 9 sí 10 kábọ́ọ̀nù yẹn sáfẹ́fẹ́, kílò kan náà ló sì máa gbé Mirai, mọ́tò háídrójìn ti Toyota, rin bíi kìlómítà 100. Ìyẹn ò jìnnà sí èéfín tí Prius, mọ́tò tó ń lo epo bẹntiróò pọ̀ mọ́ bátìrì, ń tú!

Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n lè fi iná oòrùn tàbí ti atẹ́gùn fa háídrójìn yọ látinú omi. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí, torí kílò kan máa jẹ bíi yúnìtì iná 50 sí 55, wọ́n ṣì máa fún un pọ̀ sínú táǹkì kó tó ṣeé gbé, ìyẹn náà tún ń jẹ iná. Yúnìtì 55 yẹn, tó o bá fi cháàjì mọ́tò bátìrì tààrà, á gbé ẹ kọjá kìlómítà 250. Iná mímọ́ ò tíì pọ̀ débi tá a fi máa fi ṣòfò báyẹn.

Mi ò ní bo ti bátìrì náà o. Ṣíṣe é ń tú èéfín gan-an kí mọ́tò tó jáde ní ilé iṣẹ́, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó ń fọwọ́ wa cobalt, irin tí wọ́n ń fi sínú ọ̀pọ̀ bátìrì, ní Kóńgò, ó burú. Torí ẹ̀, wá èyí tí bátìrì ẹ̀ jẹ́ LFP (lithium iron phosphate), kò ní cobalt rárá, má sì ra bátìrì tó tóbi ju iṣẹ́ òòjọ́ ẹ lọ. Onítakisí ni ẹ́, o ń rìn púpọ̀, Britain sì ti pa ilé iṣẹ́ iná oníèédú tó kẹ́yìn ní September 2024, iná tó o máa fi cháàjì ti mọ́ sí i, torí náà èéfín tí wọ́n tú nígbà tí wọ́n ń ṣe bátìrì yẹn, kò ní pẹ́ tí èéfín tó ò tú lójú ọ̀nà á fi bò ó.

Níbo lo tiẹ̀ ti máa rọ háídrójìn? Shell ti ti àwọn ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Britain pa láti 2022. Tó bá jẹ́ àlòkù lo máa rà, ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò bátìrì hàn ẹ́ kó o tó sanwó.